Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Ìwọ̀n Ojú Ilẹ̀ àti Yàrá Fúnra Yín

Ìbéèrè tó ń wọlé lemọ́lemọ́ látọ̀dọ̀ ẹ̀yin ará Òṣogbo kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan fẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò dọ́gba, báwo ni àwọn á ṣe mọ bó ṣe tó? Àwọn kan fẹ́ tẹ́ táìlì sí pálọ̀, páálí mélòó ni kí àwọn rà? Àwọn òbí ń béèrè nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ. Ìdáhùn kan náà ló bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ mọ onígun mẹ́rin, ẹ mọ onígun mẹ́ta, ẹ mọ róbótó. Ohunkóhun tó bá kù, ẹ gé e sí àwọn wọ̀nyí, kí ẹ wá ro èsì wọn pọ̀.

Nígbà tí mo bá sọ pé "ìwọ̀n ojú", bí ojú nǹkan ṣe tẹ́ tó ni mò ń sọ, òòró àti ìbú rẹ̀ papọ̀. A kì í fi mítà lásán wọ̀n ọ́n. Mítà onígun mẹ́rin la fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn àyè tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táìlì, square meter ni wọ́n máa pè é. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà lẹ fi wọ̀n, èsì yín á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Téèpù onírin fún inú ilé. Téèpù gígùn, oní mítà 30 tàbí 50, fún ilẹ̀
- Èèkàn mẹ́rin àti okùn, tó bá jẹ́ ilẹ̀
- Ìwé àti bírò
- Fóònù tí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ní àmì √ (lórí fóònù púpọ̀, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí àmì náà tó yọ)
- Ẹnì kejì tó máa di orí téèpù kejì mú

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n dáadáa

Ìṣirò kọ́ ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, téèpù ni. Nítorí náà, ẹ má fo apá yìí.

1. Ẹ mú ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ mítà, kó jẹ́ mítà jálẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ bàtà wọn iwájú kí ẹ wá fi mítà wọn ẹ̀gbẹ́.
2. Ẹ yí íńṣì padà kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹsẹ̀ bàtà 12 àti íńṣì 6 kì í ṣe 12.6 o! Íńṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà íńṣì 6 jẹ́ ààbọ̀, ó di 12.5. Íńṣì 3 jẹ́ 0.25, íńṣì 9 jẹ́ 0.75. Èyíkéyìí tó bá kù, ẹ pín in sí 12. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí, èyí ló pọ̀ jù.
3. Ẹ wo ibi tí òdo wà lórí téèpù. Lára téèpù gígùn míì, òdo wà létí òrùka tó wà lórí rẹ̀. Lára òmíràn, ó wọnú díẹ̀. Irin kékeré tó wà lórí téèpù onírin sì máa ń mì. Ẹ má kàn án pa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ìwọ̀n lè péye bóyá ẹ fà á tàbí ẹ tì í mọ́ ògiri.
4. Ẹ fà á kó le. Téèpù tó bá rọ̀ sílẹ̀ láàárín máa sọ pé ọ̀nà gùn ju bó ṣe gùn lọ.
5. Ẹ wọn ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì ò bá bára mu, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

*Ìkìlọ̀ fún ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀.* Òṣogbo kì í ṣe pẹrẹsẹ níbi gbogbo. Tí ilẹ̀ bá ń ṣẹ́rí lọ sísàlẹ̀, ẹ má tẹ́ téèpù mọ́ ilẹ̀ kí ẹ máa tẹ̀lé e lọ, torí ilé tí ẹ máa kọ́ kò ní dagẹ̀rẹ̀, ìwé survey (àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà) náà kì í sì í ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní mítà 5, mítà 5. Kí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ gbé téèpù sókè títí tí orí rẹ̀ méjèèjì á fi wà lọ́gbọọgba, kó wá fi okùn tó so òkúta mọ́ wá ibi tó bọ́ sí nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mítà 5 tó kàn ti máa bẹ̀rẹ̀.

Onígun mẹ́rin tó gún

Òòró lọ́nà ìbú, ó parí. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3.5: 4 × 3.5 = mítà onígun mẹ́rin 14. Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, nọ́ńbà kan náà lẹ máa lò lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ṣé yàrá náà gún lóòótọ́? Ẹ fa téèpù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kí ẹ wọn ìlà igun-sí-igun méjèèjì. Tí òòró bá bá òòró mu, tí ìbú bá ìbú mu, tí ìlà méjèèjì yìí náà sì dọ́gba, igun rẹ̀ gún bí igun ìwé. Tí ìlà kan bá gùn ju èkejì lọ, ilẹ̀ náà wọ́. Ẹ lọ sí apá "Ilẹ̀ tó wọ́" nísàlẹ̀.

Fún ògiri tí ẹ fẹ́ kùn, gígùn lọ́nà gíga, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò.

Ẹ̀yin aláàdìrẹ náà lè lò ó. Aṣọ yáàdì 5 tó fẹ̀ ní íńṣì 45: yáàdì kan jẹ́ íńṣì 36, òòró aṣọ jẹ́ 180. 180 × 45 = 8,100. Tí fóòmù tí ẹ fi ń tẹ àbẹ́là bá jẹ́ íńṣì 9 sí 9, ojú rẹ̀ jẹ́ 81. 8,100 ÷ 81 = 100. Ìgbà 100 lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí aṣọ náà tó kún, tí ẹ ò bá fi àlàfo sílẹ̀.

Pálọ̀ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní ibi ìjẹun tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má wá ọ̀nà àrà fún un.

1. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Kò pọn dandan kó rẹwà.
2. Ẹ fi ìlà kan gé e sí onígun mẹ́rin méjì.
3. Ẹ ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ rò wọ́n pọ̀.

Ká ní apá ńlá jẹ́ mítà 6 sí 4, apá tó yọ jẹ́ mítà 2.5 sí 2. 6 × 4 = 24. 2.5 × 2 = 5. Àpapọ̀ jẹ́ 29.

Ọ̀nà kejì tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣe bí ẹni pé pálọ̀ náà kún dé igun, ìbú rẹ̀ á di 4 + 2 = 6, 6 × 6 = 36, kí ẹ yọ apá tí kò sí níbẹ̀: 6 − 2.5 = 3.5, 3.5 × 2 = 7. Ó kù 29. Tí ọ̀nà méjèèjì ò bá bọ́ sójú kan náà, ibi tí ẹ gé e sí lẹ ti ṣì í. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ka igun tí apá méjèèjì ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì.

*Ó di táìlì.* Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un nítorí èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé: 29 + 2.9 = 31.9. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ ẹ ní igun-sí-igun, ẹ jẹ́ kó tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, torí gígé máa pọ̀. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, tó bá jẹ́ mẹ́rin ló wà nínú páálí, páálí kan bo mítà onígun mẹ́rin 1.44. 31.9 ÷ 1.44 = 22.15, ẹ ra 23. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, torí kì í ṣe gbogbo táìlì ni iye tó wà nínú páálí rẹ̀ dọ́gba. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọ̀ tí ẹ máa bá lè má bá ti ilé mu mọ́.

Onígun mẹ́ta

Ìsàlẹ̀ lọ́nà gíga, kí ẹ pín in sí méjì. Ògiri onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ òrùlé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 9, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní mítà 2: 9 × 2 ÷ 2 = 9.

Gíga ni ìlà tó ti ṣóńṣó sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán sórí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó dagẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń gba òdo nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ tó dagẹ̀rẹ̀ ló ń lò, tàbí ó gbàgbé láti pín in sí méjì. Méjèèjì yìí ló máa ń jẹ́.

Lórí ilẹ̀, kò rọrùn láti rí gíga yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀nà tí kò nílò gíga rárá, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta péré ló nílò:

1. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ààbọ̀.
2. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ààbọ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta lẹ máa rí.
3. Ẹ sọ ààbọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
4. Ẹ tẹ √ sí èsì rẹ̀. Ìwọ̀n ojú nìyẹn.

Bí ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́ta inú ìgbésẹ̀ kejì bá jẹ́ òdo tàbí tó kéré sí òdo, ẹ padà sídìí téèpù. Irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ò sí láyé.

Ilẹ̀ tó wọ́

Ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é: agẹ́ńtì máa ro iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, á pín in sí méjì; á ro ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì pọ̀, á pín ìyẹn náà sí méjì; á wá sọ méjèèjì di púpọ̀. Ó dà bí òótọ́. Àmọ́ àyàfi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún, èsì ọ̀nà yìí máa ń pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Kò ní dín láé. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ló sì ń jẹ gbèsè náà.

Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ rí i pé olówó ilẹ̀ àti aládùúgbò fẹnu kò sí ibi tí èèkàn wà kí ẹ tó wọn ohunkóhun.
2. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
3. Ẹ wọn ìlà igun-sí-igun kan. Láìsí ìlà yìí, kò sẹ́ni tó lè ṣírò ilẹ̀ náà, torí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kan náà lè di ilẹ̀ oríṣiríṣi bó ṣe wọ́ sí.
4. Ìlà náà ti gé ilẹ̀ sí onígun mẹ́ta méjì. Ẹ fi ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ rò wọ́n pọ̀.

Àpẹẹrẹ: iwájú mítà 17, ọ̀tún mítà 28, ẹ̀yìn mítà 17, òsì mítà 26. Ìlà láti igun òsì iwájú dé igun ọ̀tún ẹ̀yìn jẹ́ mítà 25.

Onígun mẹ́ta kìíní ní 17, 28 àti 25. Àròpọ̀ 70, ààbọ̀ 35. Ẹ yọ wọ́n: 18, 7, 10. 35 × 18 × 7 × 10 = 44,100. √ rẹ̀ jẹ́ 210.

Onígun mẹ́ta kejì ní 17, 26 àti 25. Àròpọ̀ 68, ààbọ̀ 34. Ẹ yọ wọ́n: 17, 8, 9. 34 × 17 × 8 × 9 = 41,616. √ rẹ̀ jẹ́ 204.

Ilẹ̀ náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 414. Ẹ wá wo ọ̀nà agẹ́ńtì: iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ 17, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di 27, 17 × 27 = 459. Mítà onígun mẹ́rin 45 tí kò sí níbẹ̀! Yàrá oní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 mẹ́ta ò tó ìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ wọn ìlà igun-sí-igun kejì náà (nínú àpẹẹrẹ yìí, ó máa tó mítà 37.5), kí ẹ tún fi í ṣírò onígun mẹ́ta méjì míì. Àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ 414. Ilẹ̀ tó ní igun márùn-ún tàbí mẹ́fà ńkọ́? Ẹ dúró sí igun kan, ẹ fa ìlà dé gbogbo igun yòókù, ẹ ṣírò onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ìlà kankan má gba ìta ilẹ̀ kọjá. Bí igun kan bá wọnú, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn bá jìnnà síra bákan náà

Tí iwájú àti ẹ̀yìn bá jìnnà síra bákan náà níbi gbogbo, tí ọ̀kan kàn kúrú ju èkejì lọ, ọ̀nà kúkúrú wà: ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú jíjìnnà tó wà láàárín wọn ní ṣánṣán. Iwájú ẹsẹ̀ bàtà 60, ẹ̀yìn 50, jíjìnnà 100: 55 × 100 = 5,500. Bí wọ́n bá dọ́gba àmọ́ tí ilẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iwájú lọ́nà jíjìnnà ṣánṣán náà ni. Ẹ má lo ẹ̀gbẹ́ tó fì.

Róbótó

Ìdajì ìdábùú, lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà 3.142. Ìdábùú ni ìlà tó gba àárín gbùngbùn kọjá láti etí dé etí. Ìdérí kànga tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2: ìdajì rẹ̀ 0.6. 0.6 × 0.6 = 0.36. 0.36 × 3.142 = 1.13.

Tí ẹ bá gbàgbé láti mú ìdajì, èsì yín máa jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ kó jẹ́, ẹ ó sì ra sìmẹ́ńtì bí ẹni tó ń ṣe ìdérí kànga mẹ́rin. Nígbà míì ẹ ò lè gba àárín kọjá, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ yí téèpù po etí rẹ̀, ẹ sọ iye náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ pín in sí 12.57.

Ilẹ̀ tí odò gé etí rẹ̀

Ẹ fa okùn gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ tó gún. Láti ara okùn yìí, ní mítà 2, mítà 2, ẹ wọ̀n ọ́n ṣánṣán lọ dé etí odò. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn, ẹ mú ìdajì wọn. Èyí tó wà láàárín, ẹ mú wọn lódidi. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2. Kò ní péye tán, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Ọmọ iléèwé lè ya àwòrán sórí ìwé oníkóró (graph paper, tí wọ́n fi ìlà pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ìyẹn kóró), kó ka kóró tó kún, kó sì ka èyí tó ju ààbọ̀ lọ mọ́ ọn, kó fi èyí tí kò tó ààbọ̀ sílẹ̀.

Láti ẹsẹ̀ bàtà sí mítà

Mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28. Àmọ́ tí ẹ bá ti ṣírò ìwọ̀n ojú tán, 3.28 kọ́ lẹ máa lò mọ́, torí òòró àti ìbú méjèèjì ló ń yí padà. Ẹ sọ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin di púpọ̀ pẹ̀lú 0.0929.

- Púlọ́ọ̀tì 50 sí 100: ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5,000, mítà onígun mẹ́rin 464.5
- Púlọ́ọ̀tì 60 sí 120: 7,200, mítà onígun mẹ́rin 669
- Éékà kan: 43,560, mítà onígun mẹ́rin 4,047
- Hẹ́kítà kan: mítà onígun mẹ́rin 10,000, nǹkan bí éékà 2.47

Ẹ ti rí i pé "púlọ́ọ̀tì kan" kì í ṣe ìwọ̀n kan pàtó. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè: ẹsẹ̀ bàtà mélòó sí mélòó? Éékà kan á gba púlọ́ọ̀tì 50 sí 100 mẹ́jọ àti díẹ̀, kí wọ́n tó yọ ojú ọ̀nà kúrò. Kí ẹ lè mọ bí hẹ́kítà ṣe tó: Igbó Ọ̀ṣun wa, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ hẹ́kítà 75, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 750,000.

Fóònù, ìwé survey àti awọnlẹ̀

Áàpù tó ń wọn ilẹ̀ lórí fóònù wúlò fún oko ńlá. Fún púlọ́ọ̀tì kan, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e: ó lè fi mítà mẹ́ta ṣì í, mítà mẹ́ta nínú iwájú tí kò ju mítà 15 lọ sì jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún.

Tí ilẹ̀ bá ti ní ìwé survey, ẹ wá nọ́ńbà mítà onígun mẹ́rin tí wọ́n kọ síbẹ̀. Gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan náà wà lára ìlà rẹ̀. Ẹ mú téèpù lọ síbẹ̀, kí ẹ fi wé e:

- Ṣé píílà (òpó kékeré tí awọnlẹ̀ rì) igun kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbi tí ìwé sọ, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ti inú ìwé mu?
- Ṣé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bára mu?
- Ṣé ìwọ̀n ojú tí ẹ ṣírò sún mọ́ ti ìwé?

Ìyàtọ̀ mítà onígun mẹ́rin méjì mẹ́ta lè jẹ́ ti téèpù. Tó bá jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n, ẹ má tíì sanwó. Ẹ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tí kì í ṣe ẹni tí olówó ilẹ̀ mú wá, kó tún un wọ̀n níṣojú yín.